Ọlọ́run pa mí mọ́ ní Kétu: ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ó ti yẹ kí n ti jẹ́ ẹ̀rí yìí tipẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gbààwẹ̀ nítorí mi láìmọ ohun tó ń ṣe mí gan-an, ẹni tí a ṣe lóore tí kò sì dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Oṣù Kejì ọdún 2019 ni mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Ọdún méjì ni mo yọ̀ǹda fún Olúwa. Kò sówó oṣù níbẹ̀, owó oúnjẹ nìkan ni ìjọ wa ń fi ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ibẹ̀ láti ka Bíbélì Yorùbá. Ẹ lè máa wò ó pé kí lọmọ Kétu fẹ́ kọ́ nínú Yorùbá. Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé. Ọmọ tó lè pàlọ́ fún yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ẹ bá ṣí Bíbélì Yorùbá síwájú rẹ̀, á kàn máa wò ó ni. Bẹ́ẹ̀ Ajayi Crowther fúnra rẹ̀ tẹsẹ̀ bọ Kétu ní 1853, kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn, òun ló gbé mi kúrò nílé.

Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé ilé kan náà ni mo ń lọ. Ká ní ilẹ̀ tí wọn ò ti gbọ́ èdè mi ni wọ́n rán mi lọ, mi ò bá ti mọ̀ pé àlejò ni mí, mi ò bá wolẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Kétu! Níbi tí Alákétu ti ń jọba, tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà bíi tiwa! Mo wọ̀lú bí ọmọ onílé.

Omi ló kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Omi ṣòro ní Kétu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ jìn kéèyàn tó kan omi. Ilé ìyá opó kan nínú ìjọ ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, ó sì ní kòtò tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, tí omi òjò ń dà sí láti orí páànù. Èmi tí mo máa ń wẹ̀ láàárọ̀, tí mo tún ń wẹ̀ lálẹ́, tí mo ń fi odidi korobá kan fọ aṣọ méjì, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kòtò fi gbẹ. Màmá ò sọ nǹkan kan. Ìdájí ọjọ́ kan ni mo jí, tí mo rí i tó ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú agbada omi lórí, ìró tó ró mọ́dìí ti tutù láti orúnkún délẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan nu ojú. Ó ti lọ tò sí ìdí ẹ̀rọ omi láti òru. Mo kúnlẹ̀, mi ò mọ ohun tí n bá wí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi igbá kan wẹ̀, tí mo sì ń tọ́jú omi tí mo fi ṣan ẹ̀wà láti fọlẹ̀.

Èkejì ni ti bírò pupa. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, CM1 ló wà níléèwé, ìyẹn kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ó kọ "kpɛ̀lú" sínú ìwé rẹ̀, mo fi bírò pupa fa igi sí i, mo kọ "pẹ̀lú" sókè. Ó tún kọ "ɔba", mo tún fà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbogbo ojú ìwé náà. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn pa ìwé dé. Lẹ́yìn oṣù kan ni olùkọ́ àgbà kan nínú ìjọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní báyìí ni wọ́n ń kọ Yorùbá ní Benin: ɛ àti ɔ ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ti ń fàmì sábẹ́, kp ni wọ́n sì ń kọ fún p. Ọmọ náà kò ṣì í. Èmi ni mi ò béèrè. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo kíláàsì.

Oṣù Kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ìyá oníṣòwò kan láti Mẹ̀kọ ló máa ń bá mi mú owó oúnjẹ wá bó bá ń kó ọjà bọ̀. Ọjà ò kọjá mọ́, ìyá náà ò sì wá mọ́. Epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì gbówó lórí, nítorí láti ọ̀dọ̀ tiwa ló ti ń lọ, owó ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zemidjan sì bá a gòkè. Ẹ̀kọ ni mo ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀kọ ni mo ń jẹ lálẹ́. Bí Màmá bá ti rí wàrà Fúlàní rà, èyí tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa lára pupa, a pín in sí méjì, èyí tó tóbi ló ń sún síwájú mi.

Oṣù Kẹwàá ni àìsàn dé. Mo kọ́kọ́ pè é ní ibà lásán. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mi ò lè dìde mọ́. Màmá gbé mi sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, ó fi ìró so mí mọ́ra, a sì kọjá lẹ́bàá ẹnubodè àtijọ́ ti ìlú Kétu fúnra rẹ̀, Àkàbà Ìdẹnà. Àwọn ọmọ ogun Dáhómì kó Kétu ní 1886, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú, kí ìlú tó tún padà dìde. Màmá fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ìlú yìí kú rí, ó sì jí. Ìwọ náà ò ní kú síbí, ọmọ mi."

Níbi ìtọ́jú tí a dé, táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Wọ́n sọ̀rọ̀ wàrà wàrà ní Faransé, wọ́n kọ oògùn sínú ìwé, wọ́n sì pe ẹlòmíì wọlé. Ẹnìkan ò bi mí bóyá mo gbọ́. Ojú sì tì mí láti sọ pé mi ò gbọ́, èmi olùkọ́ àwọn ọmọdé. Mo ń lo oògùn láàárọ̀ nìkan, nígbà tí ara sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kẹta, mo dá a dúró kí n lè fi èyí tó kù pamọ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ibà náà padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò dá èèyàn mọ̀ mọ́.

Ọmọbìnrin yẹn ló wá kí mi. Ó rí ìwé oògùn lórí àpótí, ó mú un, ó ń fi ìka tẹ̀lé e bí mo ṣe kọ́ wọn láti máa fi ìka tẹ̀lé ẹsẹ Bíbélì. Ó ní, "Tàǹtí, àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n kọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n kọ." Ó yí padà sí Màmá: "Ọjọ́ mẹ́wàá, Màmá!" Gbogbo ilé dákẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ dáwó jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì ta ọjà kankan lóṣù yẹn, wọ́n sì gbé mi padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà tẹ̀ lé wa. Òun ló ń gbọ́ ọ, òun ló ń túmọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, ó ń wá kó tó lọ síléèwé, ó tún ń wá nírọ̀lẹ́, a máa dúró títí n ó fi gbé oògùn mì.

Ẹ̀yin ará, mo wà láàyè! Ẹ bá mi pariwo ògo! Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin padà lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá 2020, Sẹ̀mẹ̀ wà nínú wọn, ibẹ̀ ni mo sì gbà wálé lẹ́yìn tí ọdún méjì mi pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ìyá níbi tí mi ò ti ní ìyá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Kétu, tó jẹ́ pé owó ọjà wọn ni mo fi ń mí títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí mo délé, wọ́n ya àwòrán ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọwọ́ ọmọ yẹn ni: "Tàntí, ɛ kú ilé. Màmá ní kí n kí yín. Òjò ti rɔ̀, omi kún kòtò. Mo kpé ɔdún méjìlá lɔ́jɔ́ Àìkú." Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ó wà nínú Bíbélì mi níbi tí ẹ ti ń rí i yìí.