Ẹ Tẹ Ojú Ọgbẹ́, Ẹ Má Tíì Ṣí I Wò

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kétu lọ́dún yìí, tí a ń ṣán ilẹ̀ tí a fẹ́ gbin àgbàdo sí, àdá yọ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó sì gé e ní ojúgun. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnì kan ti ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹlòmíràn sì ti sáré lọ gbé ìgò èsáǹsì tí a fi ń rin alùpùpù. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọgbẹ́ náà ń fẹ́ kò ju aṣọ mímọ́ àti ọwọ́ tí kò ní tètè kúrò lórí rẹ̀ lọ.

Mo ní kí ó dùbúlẹ̀, mo ká gèlè tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sí mẹ́rin, mo fi bo ojú ọgbẹ́, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe nìyí: kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi ṣí aṣọ láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá, láìmọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì, tó fẹ́ dí ẹnu iṣan tó gé, ni wọ́n tún fà ya. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ àkọ́kọ́, ẹ gbé òmíràn lé e lórí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí igi tàbí àfọ́kù ìgò bá há sínú ọgbẹ́, ẹ má fà á yọ, nítorí ó lè jẹ́ òun ló ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀.

Ọgbẹ́ kékeré tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá, omi tó mọ́ tó èyí tí a lè mu ni kí ẹ dà sí i dáadáa, kí ẹ fi ọṣẹ fọ àyíká rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ dì í. Èsáǹsì ń jó ẹran ara. Sódábì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu ṣe, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, títa tó sì ń ta ènìyàn kì í ṣe àmì pé ó ń wo ọgbẹ́ sàn. Ní ti iyẹ̀pẹ̀, inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ̀sì ń gbé, àrùn tó ń mú kí àgbọ̀n dì pa, kí gbogbo ara sì gan.

Ọgbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára rẹ̀ láìdá, kì í ṣe ti ilé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọwọ́ má sì kúrò lórí aṣọ títí ẹ ó fi débẹ̀. Orí alùpùpù ni a gbé ọmọ wa sí, èmi jókòó sẹ́yìn, mo ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà. Nítorí pé a kò rí ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ̀sì, wọ́n sì ní kí ó padà wá gba èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.