Ọmọ mi adití láàárín Ìbàdàn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí àwọn èèyàn bá ń fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ilé fún mi, òfin àti owó ni wọ́n máa ń kà. Èmi tí mo bí ọmọ adití, èdè ni mo ń wò.

Ní Ìbàdàn, ilé ìwé tó wà nítòsí wa kò gbà á. "Ìyá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀." Bẹ́ẹ̀, òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 ti ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ aláàbọ̀ ara títí dé girama. Ilé ìwé àwọn adití ló gbà á, ara rẹ̀ sì yá gágá níbẹ̀. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, gbogbo ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀: wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà. Àmì ọwọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, nítorí Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960.

Níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò lé e. Ó ń jókòó láàárín àwọn tó ń gbọ́ràn, olùrànlọ́wọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé EHCP, ìyẹn ètò ìjọba fún ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, sì to ohun tó tọ́ sí i lẹ́sẹẹsẹ. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ábídí tó fi ọwọ́ kan kọ́ nílé, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é níbí. Bí wọ́n bá jáde lọ ṣeré, òun nìkan ló máa ń wà. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òye rẹ̀ kéré.

Àyà mi já. Ní 1971, Bernard Coard, olùkọ́ ará Grenada, tú u síta pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ Caribbean ní London lọ sí ilé ìwé àwọn tí wọ́n ní òye wọn kò tó, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ wọn sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́. Èmi náà jẹgba ní kíláàsì nítorí Yorùbá. Àwọn amúnisìn ló fi àṣà yẹn sílẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn ìpàdé Milan ti 1880, tí àwọn olùkọ́ dìbò pé ẹnu ni kí wọ́n fi kọ́ adití, wọ́n ń mú àwọn ọmọ jókòó lé ọwọ́ ara wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà. Ọgbẹ́ kan náà ni. Ọmọ tí wọ́n sọ èdè rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ yóò dákẹ́, wọn yóò sì pe ìdákẹ́ rẹ̀ ní àìlóye. Ọmọ mi ti ń ki ọwọ́ bọ àpò ní kíláàsì.

Ohun tí mo ń bá ilé ìwé rẹ̀ fà báyìí ni pé kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe lójú ẹni tó gbọ́ àmì Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì wá àgbàlagbà adití tí yóò máa kọ́ gbogbo kíláàsì náà ní BSL, àmì ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2022 ni òfin ti mọ BSL sí èdè níbí.