"A dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn

Ní Òṣogbo níbí, bí ènìyàn bá béèrè àlàáfíà ẹnìkejì rẹ̀, "a dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, kódà bí ẹni náà bá wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, n kò sì ní í lòdì sí i. Ṣùgbọ́n fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti mọ̀ bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ abanilẹ́rù kan ṣì ń da ọkàn ẹni tó yè é láàmú, ohun tí wọ́n ń pè ní PTSD, gbólóhùn yẹn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ọmọ kan mú bàbá rẹ̀ wá sí ibi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, nítorí pé inú bàbá ti ń bí jù nílé. (Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.) Awakọ̀ ni wọ́n. Ọkọ̀ wọn ní ìjàǹbá lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, èrò méjì sì kú lójú wọn. Mo ka ìbéèrè 20 inú PCL-5, ìwé ìbéèrè nípa àmì PTSD tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń fi máàkì sí, sí wọn létí. Òdo ni wọ́n ń fún mi lórí ọ̀pọ̀ jù lọ. Nígbà tí mo ṣe àròpọ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ súnmọ́ 31 sí 33 tí a fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí a wádìí síwájú. Díẹ̀ ló kù kí n dá wọn padà sílé. Dókítà àgbà ló ní kí n jókòó ti bàbá, kí n ṣe CAPS-5 fún wọn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò onílànà ni CAPS. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí PTSD ló gbé e jáde, wọ́n sì tún un ṣe kí ó lè bá ìlànà DSM-5 ti ọdún 2013 mu, ìyẹn ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Ó lè gbà tó wákàtí kan. A kì í ní kí ẹni náà ro gbogbo ìtàn ìjàǹbá náà kúnnákúnná, ṣókí ti tó. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá máa béèrè àmì kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kan tó kọjá, báwo ló ṣe le tó, ẹ̀ẹ̀melòó ló wáyé? Ẹni tó ń béèrè ló ń fi máàkì sí i, láti 0 dé 4. Kí àmì kan tó gba 2, ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba, kí ó sì ti wáyé ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù náà. Bí ìrántí tó ń já lu ènìyàn ti wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni sísá fún ohun tó ń ránni létí wà lọ́tọ̀, èrò tó dorí kodò àti ìjayà ara náà sì ní ipò tiwọn. Iye tó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti lé ní oṣù kan.

Mo béèrè pé, "Bàbá, ṣé ibì kan wà tí ẹ ń sá fún torí pé ó ń rán yín létí ìjàǹbá yẹn?"

"Rárá o, a dúpẹ́."

"Ọ̀nà wo lẹ ń gbà lọ sí Ìbàdàn báyìí?"

"Ọ̀nà Ìwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀."

"Ọ̀nà Gbọ̀ngán ńkọ́, bàbá?"

Wọ́n dákẹ́ títí. "Èmi? Kí n tún gba ibẹ̀? Láéláé."

Mo kọ 3 síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń tú jáde: oorun tí kì í kọjá aago méjì òru, àti bí gbogbo ara wọn ṣe máa ń gbọ̀n bí ọlọ́kadà bá tẹ họ́ọ̀nù lójijì ní ìkóríta Ọláìyá.

Ìlànà yìí kan náà ló gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe òdìkejì. Ìyá oníṣòwò kan tí àwọn olè jà lólè sọ fún mi pẹ̀lú omijé pé àwọn ń lá àlá burúkú ní gbogbo òru, mo sì ti kọ 3 kí n tó rántí pé ìwé náà ní kí n béèrè ohun tí àlá náà dá lé. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ lójú oorun, láti ìgbà ọmọge wọn ni. Ó ń bà wọ́n lẹ́rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kan olè. Mo pa 3 rẹ́, mo kọ òdo.

Èyí tó le jù fún mi ni ìbéèrè nípa ẹni tí wọ́n dá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lẹ́bi. "Ayé ló ṣe é fún mi" lè jẹ́ àmì àìsàn, ó sì lè jẹ́ ohun tí gbogbo àdúgbò gbà gbọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń béèrè bóyá wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí nǹkan náà tó ṣẹlẹ̀, àti bóyá ó ti mú wọn yà kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ ìbéèrè méjèèjì sí etí ìwé mi, lábẹ́ èyí tí mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀: "Ọ̀nà wo lẹ ń gbà báyìí?"