Ohùn tó gba ojú fèrèsé wọlé

"Àwọn ọmọ tó ń kọrin fún kọ̀ǹpútà nìyẹn."

Inú headphone ni mo ti gbọ́ ọ, bí mo ṣe ń tún orin tí a gbà sílẹ̀ lónìí gbọ́. Lẹ́yìn ẹsẹ kejì, níbi tí gángan ti fẹ́ gba orin lẹ́nu mi, ni ohùn Ìyá Alákàrà gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n ń júwe wa fún oníbàárà wọn. Ohùn Èkìtì ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n sì fi "hẹ̀ẹ̀n" kan tì í lẹ́yìn. Mo dá a padà, mo tún un gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Iṣẹ́ òní ò pọ̀. Wọ́n mú iná lọ kí ọ̀sán tó pọ́n, a fi inverter parí èyí tó kù. Òjò ò rọ̀, a dúpẹ́. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí páànù ilé yìí lè ṣe.

Fún kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tó ń dùn mí? Ṣebí òótọ́ ni. Lóde ìnáwó, ẹni tó ń jó ni Ẹ̀gbọ́n, onígángan wa, máa ń wò. Ibi tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún bá yà sí ni ìlù ń yà sí, owó á sì máa bọ́ síwájú orí. Nínú yàrá yìí, ìlà kan tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń wò, a sì ń tẹ̀lé "kó, kó, kó" tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìlù fún wa, tí kì í yára, tí kì í falẹ̀. Ta ló ń jó? Mátírẹ́ẹ̀sì tí a fi bo ògiri ni?

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, kọ orin ìyìn ní Yorùbá sínú àwo ní London fún Zonophone. Máìkì oníná ò tíì wọ iṣẹ́ àwo nígbà náà, ẹnu ìwo ńlá ni àwọn olórin ń dojú kọ. Ìwo! Ká ní alákàrà kan wà lẹ́yìn fèrèsé níbẹ̀, kí ni ì bá sọ? Ṣé bóyá àwọn ọmọ ìjọ ló wà lọ́kàn bàbá yẹn... Lọ́kàn tèmi ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ohùn mi má ṣáà ga jù, kó má lọ sí pupa lójú kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ̀gbọ́n ò rí tèmi rò. Àwọn náà ní ẹjọ́ tiwọn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà: "Àbúrò, ẹnì kan wà nínú nǹkan yìí tó ń sín mi jẹ." Ìlù tiwọn gan-an ni, ó ń pẹ́ kó tó dé etí wọn. Buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wà lórí 1024. Ní 44,100 Hz, iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn tó 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ká má tíì ka ti ìgbà tí ohùn ń jáde padà bọ̀. Etí ẹlòmíràn lè má mọ̀, ti onígángan mọ̀. Mo gbé e wá sí 128, ó di bíi 3. Inú wọn dùn, ni laptop bá ń ta bí àgbàdo inú agbada. RAM 4GB, kí la fẹ́ retí? Mo pa gbogbo ohun tó kù lórí rẹ̀, títí kan Wi-Fi, kó tó rọlẹ̀. Tó bá di pé a fẹ́ po orin pọ̀, màá dá a padà sí 1024.

Kí n má purọ́, inú bí mi sí Ìyá Alákàrà lọ́sàn-án yìí. Àkàrà wọn náà la sì jẹ.

Wàyí o, kí la fẹ́ ṣe sí ohùn wọn? Ti ariwo fáànù rọrùn: Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, á kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí ariwo náà ti dá wà, á wá máa yọ irú rẹ̀ kúrò níbi gbogbo. Ohùn ènìyàn kì í dúró sójú kan, orí gángan ni tiwọn sì jókòó lé. Bí mo bá gé e, mo gé ìlù nìyẹn. Condenser, irú máìkì tí a ń lò yìí, ò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí olórin, ohun tó bá ti dún ló gbọ́. Dynamic wa, máìkì tí kì í gbọ́ ariwo ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀, ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ ìtàn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní ká fi sílẹ̀ ńbẹ̀. "Ṣebí ẹni tó gbọ́ wa nìyẹn." Mo ní rárá o. Lálẹ́ yìí, mo ti ń rò ó pé... Ṣùgbọ́n tí Ìyá bá gbọ́ pé ohùn wọn wà nínú orin, èló ni wọ́n máa ní ká san?

Fáìlì orin náà wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń lọ lùlù níbi òkú àgbà kan ní Ìkọ̀lé lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà, bí a bá máa tún ìlù gbà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó di Jímọ̀, lóru, kí ẹ̀rọ ìlọta tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò bá wa sọ ọ́ fún ìyàwó wọn?