Shock tuntun fún Hilux tó ń kó kòkó láti Ìdànrè

Shock, ọ̀pá ọlọ́ìlì tó wà nítòsí taya mọ́tò, kì í gbé ẹrù. Sípíríngì ló ń gbé e. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, torí kò sí ibi tí mo páàkì Hilux mi sí nítòsí Ọjà Ọba, pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn, tí ẹnì kan ò ní sọ pé, "Màmá, ẹ lọ ra shock tó le, kí ìdí mọ́tò yín yé wálẹ̀." Ìdí mọ́tò tó bá wálẹ̀, ọ̀rọ̀ sípíríngì nìyẹn. Ẹ lè ra shock tó wọ́n jù lọ ní gbogbo Àkúrẹ́, ìdí yẹn ò ní gbéra.

Iṣẹ́ ti shock yàtọ̀. Bí taya bá já sí kòtò, sípíríngì á ká kò, á sì ta padà. Bí kò bá rí ohun tó máa dá a dúró, á tún ká kò, á tún ta, mọ́tò á sì máa fò lórí títì. Ìgbàkigbà tó bá fò bẹ́ẹ̀, taya ò tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Taya tí kò tẹ ilẹ̀ ò lè gba búréèkì, kò sì lè yà ní kọ́nà. Shock ló ń dá ìfò yẹn dúró. Irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ọ́ìlì, ihò wẹ́wẹ́ sì ni ọ́ìlì náà ń gbà kọjá, bí ọmọrogùn ṣe ń rìn nínú ọkà tó ti ń le. Agbára ìfò náà á di ooru, ooru á sì gba ara shock jáde.

Ooru yẹn gan-an ló mú kí n pààrọ̀ tèmi. Àpò kòkó kan jẹ́ kìlógíráàmù 62.5, àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan náà sì ni agbára Hilux mọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dín in kù. Àwọn ọmọ iléèwé wà lẹ́bàá títì yẹn.) Láti Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá tí kòkó bá pọ̀, ọ̀nà oko la ń gbà kí a tó jáde sí títì ní Ìdànrè, kòtò lórí kòtò. Bí shock bá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí, ọ́ìlì inú rẹ̀ á gbóná, á yọ ìfófòó, ìfófòó ò sì lè dá irin kankan dúró. Ìgbà yẹn lẹ máa rí i tí mọ́tò ń jó bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí imú rẹ̀ á sì dorí kodò bí ẹ bá tẹ búréèkì.

Oríṣi méjì ló wà lórí àtẹ. Onípáìpù méjì, tí páìpù kan wà nínú èkejì, ló wọ́pọ̀, owó rẹ̀ sì rọjú. Onípáìpù kan ni mo rà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Christian Bourcier de Carbon, ló hùmọ̀ rẹ̀; Bilstein ti ilẹ̀ Jámánì sì ṣe é fún Mercedes-Benz ní 1957. Gáàsì nítírójìn wà nínú rẹ̀, ó ń ti ọ́ìlì pẹ̀lú agbára kí ó má baà yọ ìfófòó, ooru sì tètè ń jáde torí páìpù kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ́ìlì àti atẹ́gùn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi lójú ọ̀nà Oǹdó ò kọ́kọ́ gbà. "Màmá, òkúta Ìdànrè á lu eléyìí. Bí páìpù yẹn bá tẹ̀ wọnú pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Onípáìpù méjì lè tẹ̀ lára kó ṣì máa ṣiṣẹ́, torí páìpù inú ni irin ti ń rìn. A bá ní kí wẹ́dà ṣe irin pẹlẹbẹ tó máa bo iwájú àwọn ti ẹ̀yìn. Ó jó o tán pátápátá kí a tó gbé shock sítòsí, nítorí gáàsì inú rẹ̀ ò fẹ́ iná.

Ẹ̀yìn la ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n so shock tuntun náà ní okùn kí ó má baà nà. Bí ọ̀gá ṣe gé okùn náà, irin tó ń dán inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó fà á. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi pílíásì di irin náà mú kó lè rọ́nà yí nọ́ọ̀tì. Ọ̀gá gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Bí pílíásì bá ha irin yẹn, ojú ibi tó ha ni yóò máa gé ọ́ìlì síìlì, róbà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, nígbàkigbà tó bá ń wọlé, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò kó tó pẹ́. Kò sì di nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ pinpin àfìgbà tó sọ mọ́tò kalẹ̀ lórí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí wọ́n bá dì í nígbà tó ṣì wà lórí jáàkì, róbà bọ́ṣìn tó wà lójú ibi tí nọ́ọ̀tì ti di shock mú á lọ́ bí mọ́tò bá wálẹ̀, á sì tètè ya.

Ti iwájú le jù, nítorí inú sípíríngì ni shock wà. Wọ́n ní láti fi irin fún sípíríngì náà pọ̀ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀. Sípíríngì tó bá já mọ́ èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀ lè pa á. Mo ní kí gbogbo ọmọdé kúrò níwájú, èmi náà sì kúrò.

Ní báyìí, tí mi ò bá kó ẹrù, ó le díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìdí mi mọ̀ ọ́n lórí bọ́ńpù. Ṣùgbọ́n tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ó máa ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró. Awakọ̀ mi sọ pé ọwọ́ òun ò tún ń bá stíárìn jà ní kọ́nà mọ́.

Shock tòkunbọ̀ ni mi ò lè rà láé. Wọ́n máa nù ún, wọ́n á kùn ún, kò sì sẹ́ni tó lè rí inú rẹ̀. Ẹ sì ra méjì pọ̀, ọ̀tún àti òsì. Tí ẹ ò bá mọ̀ bóyá tiyín ti kú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú taya yín yípo: bí ibì kan bá ga tí ibì kan jìn, ẹ wo shock kí ẹ tó ra taya.

Sípíríngì ẹ̀yìn ló kù báyìí. Tí kòkó bá ti dínkù ní Oṣù Kìn-ín-ní, màá ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan kún àwọn tí wọ́n tò léra níbẹ̀.