Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ gúrúùpù yín wà?

Ẹ̀yin tá a jọ ń fi dátà ara wa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ta mí lára bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ẹ bá mi fara dà á bó bá gùn. Kẹ́ ẹ tó máa jà lórí pé Telegram dáa ju WhatsApp lọ, àbí pé Discord ló ń jẹ dátà jù, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jẹ́ admin, ìyẹn ẹni tó láṣẹ láti fi èèyàn sínú gúrúùpù tàbí yọ ọ́. Ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ni?

Àwa ń kó ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ jọ, ká lè fi ṣe kíbọ́ọ̀dù fóònù tó máa mọ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Kóòdù wà lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, àmọ́ gbogbo àríyànjiyàn, gbogbo "ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí", gbogbo voice note àwọn ìyá wa, orí WhatsApp ló wà. Kẹ́nikẹ́ni má sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ open-source, tí kóòdù ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tún ń lo WhatsApp o, ìyá tó ń ta gàrí n'Ìjẹ̀bú-Igbó ò ní torí tiwa lọ da Element (áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó jẹ́ open-source) sórí fóònù. Ìyá yẹn ló ṣàlàyé ìkọ́kọrẹ́ fún wa nínú voice note kan, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà lábẹ́ ohùn wọn, kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún bú ọmọ tó ń da omi nù.

Ẹ̀gbọ́n kan ló dá gúrúùpù yẹn sílẹ̀, àwọn nìkan ni admin. Ìjà wá dé lórí orúkọ ta ló máa ṣáájú nínú README, ìwé àlàyé tó máa ń wà níwájú kóòdù. README o! Ọjọ́ Ojúde Ọba ni wọ́n wá fi àbọ̀ ìjà yẹn jẹ́ wa. Mo wà láàárín èrò n'Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní kí n fi fọ́tò ẹṣin ránṣẹ́ sáwọn ara Ṣàgámù tí ò ráyè wá, bí mo ṣe ṣí gúrúùpù báyìí, Ẹ̀gbọ́n ti yọ ẹni yìí, wọ́n ti yọ ẹni yẹn, wọ́n ń yọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mo ń tẹ "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú", mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ tán tí ibi ìkọ̀wé fi pòórá, wọ́n ní mi ò sí nínú gúrúùpù mọ́. Regbẹ́regbẹ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń jó kọjá níwájú mi, aṣọ wọn ń dán, gbogbo ayé ń pariwo, èmi dúró síbẹ̀ mò ń wo fóònù bí ọ̀dẹ̀. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè kan pè mí, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ nítorí ìlù, ẹkún ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Kóòdù wa ò sọnù rárá, torí git, irinṣẹ́ tá a fi ń tọ́jú kóòdù, ti fún gbogbo ẹni tó clone ẹ̀ (tó fà á sórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀) ní odindi ẹ̀dà pẹ̀lú ìtàn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò rí ohun tá a ti sọ tẹ́lẹ̀, àwọn tó pààrọ̀ fóònù láìṣe backup, tiwọn ti wọmi. Voice note ìyá yẹn, títí di báyìí a ò tíì rí ẹni tó ní i.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní May 2021, ìjà dé lórí ta ló ni Freenode, níbi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open-source ti ń sọ̀rọ̀ lórí IRC (ọ̀nà ìtàkùrọ̀sọ àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bójú tó o kó jáde, wọ́n lọ dá Libera Chat sílẹ̀. Ṣé IRC ló ṣẹ̀ wọ́n ni? Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń jà lé.

Tí admin bá ti ju ẹyọ kan lọ, áàpù tó kù, ẹ lo èyí tó bá wù yín. Slack ọ̀fẹ́, láti 2022, ọ̀rọ̀ 90 ọjọ́ sẹ́yìn nìkan lẹ máa rí. Matrix ń fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sórí gbogbo server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀) tó ní èèyàn nínú yàrá ìtàkùrọ̀sọ náà, Mozilla kúrò lórí IRC bọ́ síbẹ̀ ní 2020, ṣùgbọ́n ó pọ̀ jù fún wa. Zulip la mú, open-source lòun náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tiẹ̀, ẹni tó dé lónìí á ka tàná, a sì lè kó gbogbo ẹ̀ jáde. WhatsApp ṣì wà fáwọn ìyá wa, àmọ́ voice note tó bá wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e sórí Zulip kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn owner, ìyẹn admin àgbà orí Zulip, wà ní Ṣàgámù, wọ́n wà n'Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n wà l'Àgọ́-Ìwòyè, kò sí méjì tó ń gbé ilé kan náà nínú wọn. (Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àṣejù ni. Kò kàn mí.)

Ẹ̀gbọ́n yẹn ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ padà wọlé, a sì ti fún wọn ní link. Member lásán ni wọ́n ṣá.