Fèrè Ọdẹ àti Sálúbàtà Mi

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́

Takisí Máíkírà mẹ́ta ló kọ̀ láti gbé mi ní Mọ́níyà láàárọ̀ yìí kí ẹ̀kẹrin tó gbé mi, bẹ́ẹ̀ mi ò mú ajá kankan dání. Òórùn báàgì mi ni. A ò tíì dé Òjòó tí dírẹ́bà fi bojú wo mi nínú dígí.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sè sínú báàgì yẹn?"

"Ẹ̀dọ̀ màlúù ni. Ajá kan ni mò ń gbé e lọ fún ní Bódìjà."

"Ẹ̀dọ̀? Fún ajá? Nínú ọ̀wọ́n yìí?" Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi sọ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án. Mò ń kọ́ ajá oníajá.

Ìyá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ló ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó wọlé, mo béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá náà. Ojú kì í tì mí láti béèrè. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, kò sóògùn tó ń wò ó mọ́. Eyín ajá ti wọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì rí, ìgbà méjèèjì ni mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, tí mo fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí n tó forí lé ọsibítù lọ gba abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi ní mò ń fi omi ṣòfò. Mo ti rí ẹni tó da epo pupa sójú ibi tí ajá ti bù ú jẹ, tó sì jókòó sílé. Mi ò fẹ́ sọ ìtàn yẹn lálẹ́ yìí.

Bingo lorúkọ ajá náà, German Shepherd, akọ, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. (Ní Ìbàdàn yìí, pariwo "Bingo!" lẹ́nu géètì kan, kó o wo iye ajá tó máa gbórí sókè ládùúgbò. Nígbà ayé bàbá mi àgbà, òwe lorúkọ ajá, aládùúgbò ni wọ́n sì fi ń bá wí. Wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á ké "Tìẹńkọ́ o!", ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì mọ̀ pé kì í ṣe ajá ni wọ́n ń pè.)

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni Mọ́mì kà sí Bingo lẹ́sẹ̀: wọ́n ń pè é, kì í wá.

"Bí kò bá dití, a jẹ́ pé agídí ni. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tréńà, bá mi nà án kó gbọ́n."

Mo ní kí wọ́n pè é lójú mi. Wọ́n pè é. Bingo wò wọ́n, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra rìn lọ sẹ́yìn tánkì omi. Wọ́n tún pè é, ohùn ti le sí i. Etí rẹ̀ nìkan la rí tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì.

Ìgbà náà ni máígàádì wọn, bàbá kan tó wá láti Kàtsínà, yọjú lẹ́nu géètì pẹ̀lú rédíò kékeré lápá. Kò tilẹ̀ pariwo. "Zo nan," ló kàn wí. Kí n tó ṣẹ́jú, Bingo ti jókòó níwájú bàbá, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀.

Mọ́mì la ẹnu, wọn ò pa á dé.

"Ṣé Hausa ló ń gbọ́ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, mo gbé e mì.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n. Ta ló ń fún un lóúnjẹ? Bàbá ni. Ìgbà wo ni Mọ́mì máa ń pè é? Bí àlejò bá dé, kí wọ́n lè so ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Bó bá ti jẹ bàtà ẹnì kan, kí wọ́n lè fi lílù kọ́ ọ lọ́gbọ́n. "Bingo, wá" kò túmọ̀ sí wíwá létí ajá yẹn. Ohun tó ń gbọ́ ni "ṣéènì ti dé o."

Mo ní kí wọ́n pa ìpè yẹn tì bí owó tí ìjọba ti fagi lé, kò lè ra nǹkan kan mọ́. Fèrè la fi rọ́pò rẹ̀. Fèrè kì í bínú, bó ṣe ń dún láàárọ̀ náà ló ń dún lálẹ́. Mo gé ẹ̀dọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà. Mo so okùn mítà mẹ́wàá mọ́ ọn lọ́rùn kó lè máa wọ́ ọ nílẹ̀, kó má baà rí ọ̀nà sá lọ. Mọ́mì dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì péré sí i, wọ́n fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá ti dé. Bó bá pẹ́, tó ti ń fò mọ́ wọn, á rò pé torí fífò ni wọ́n ṣe fún òun.

Ohun tó ń ni àwọn olówó ajá lára jù ló kù. Bó bá jẹ tán, jẹ́ kó máa lọ. Nínú ìgbà mẹ́wàá tó o bá pè é, jẹ́ kó padà sídìí eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹ̀kan tó kù ni kó o so ó.

Wàhálà kan ṣoṣo tí mo ní ni pé tíṣà ni Mọ́mì. Ó ti mọ́ wọn lára kí wọ́n fọn fèrè títí gbogbo ìlà á fi tò. Ẹ̀ẹ̀kan péré, Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀kan! Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì làwọn fún mi. Mo ní ẹ jẹ́ á fi í sí oṣù méjì.

Òwe fèrè ọdẹ tí Mọ́mì pa bá mi wọ ọkọ̀ bọ̀ nílé. Ọdẹ ni bàbá mi àgbà ní Ìgbẹ́tì. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá lọ sígbó, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi odán, wọ́n á ṣàdédé fọn fèrè, ajá mẹ́ta á ya dé pẹ̀lú ṣaworo lọ́rùn. Wọ́n á ju òkèlè àmàlà kọ̀ọ̀kan sí wọn lẹ́nu, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ. Mo rò pé eré ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ajá nìkan ni gbogbo wa ń dá lẹ́bi tí a bá ń pa òwe yẹn. Ta ló tíì béèrè ohun tí ọdẹ ń ṣe fún ajá tó gbọ́ fèrè, tó sì wá?

Mo ń sọ gbogbo èyí bí ẹni pé ọwọ́ tèmi mọ́.

Ọjọ́ kẹwàá rèé tí ọmọ mi gbàgbé láti ti géètì, tí Ṣèbótimọ, ajá tèmi gan-an, fi jáde. Fún wákàtí méjì ni mo fi rìn káàkiri Mọ́níyà. Nígbà tí mo rí i, òdìkejì ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló wà. Mo pè é. Ó gbọ́. Ó là á kọjá láàárín Máíkírà méjì, bíréèkì ké, ó dé iwájú mi, ó ń ju ìrù. Mo bọ́ sálúbàtà, mo nà án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rù tó bà mí ló nà án. Ṣùgbọ́n ṣé ajá mọ èyí? Ohun tó ṣe gbẹ̀yìn kó tó jẹ ẹgba ni pé ó wá.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é, á wá, á sì dúró síbi tí ọwọ́ mi ò dé. Ó ti wọn gígùn apá mi.

Lálẹ́ yìí, mo bọ́ sálúbàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Mi ò pè é. Mo ju ẹ̀dọ̀ tó kù láti Bódìjà sí àárín èmi àti ẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó na ọrùn. Ẹsẹ̀ iwájú wá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró síbi tó wà, bí ẹni tó ti múra àtisá. Ó mú ọ̀kan, ó padà sẹ́yìn. Ó tún mú ọ̀kan. Wọ́n mú iná lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn.

Ìyàwó mi ké láti inú ilé pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò dáhùn, kí Ṣèbótimọ má baà rò pé òun ni mò ń pariwo mọ́.